Níbo lẹ ń tọ́jú iṣẹ́ docs sí? WhatsApp ti gbé tiwa mì

kokodev_akure

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí open source tẹ́ ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíì.

Àwa kan níbí ní Àkúrẹ́ là ń kọ sọ́fítíwíà kékeré kan, ọ̀fẹ́ ni, kóòdù ẹ̀ wà lórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, ẹni tó bá wù ló lè wò ó tàbí kó fi kún un. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju pé kí akọ̀wé tó jókòó sídìí òṣùwọ̀n kòkó fi fóònù kọ ìwọ̀n àpò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó yọ ti omi kúrò, kó ṣírò owó àgbẹ̀, kó sì tẹ rìsíìtì fún un. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lọ́nà Ìdànrè àti lápá Oǹdó ti ń lò ó. Ní ti kóòdù, kò sí wàhálà, tí nǹkan bá bàjẹ́ ẹnì kan á ṣí issue, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìṣòro tó ní nọ́ńbà tiẹ̀ lórí GitHub, a ó jiyàn sí i díẹ̀, a ó tún un ṣe, ó tán. Ìwé ìlò ẹ̀, docs tí mò ń wí yìí, òun ló ń kó àárẹ̀ bá wa.

Bó ṣe máa ń lọ rèé. Ẹnì kan á yí nǹkan padà nínú kóòdù, á ní "a máa kọ docs ẹ̀ tó bá yá", ẹlòmíì á ní òun á bá a kọ ọ́, lórí group WhatsApp ni o, àwọn èèyàn á fi àtàǹpàkò sí i, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù á wọlé, àwàdà á wọlé, ẹnì kan á fi fọ́tò ìgbéyàwó ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ docs ti lọ sókè nìyẹn, ó di ìgbàgbé. Ẹ wo èyí: bọ́tìnnì kan wà tó ń jẹ́ "Ṣírò" tẹ́lẹ̀, a yí i sí "Parí Ìwọ̀n" torí pé àwọn akọ̀wé máa ń tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó yọ omi kúrò, owó á wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyípadà tó wúlò ni. Àmọ́ ìwé ìlò ṣì ń sọ pé "tẹ Ṣírò", kì í ṣe ojú ewé kan, fọ́tò tó wà níbẹ̀ náà ṣì ń gbé bọ́tìnnì àtijọ́ kiri, ni akọ̀wé kan bá pè wá láti Ìdànrè, àwọn àgbẹ̀ tò níwájú ẹ̀, ó ní "ẹ̀yin ọmọ yìí, Ṣírò dà?"

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ṣé ká máa ṣí issue docs pọ̀ mọ́ ti kóòdù lójú kan náà ni, àbí ká ya repo (àpò tí fáìlì ń gbé lórí GitHub) tiẹ̀ sọ́tọ̀, àbí ká ṣe é sórí Google Sheets bí ẹnì kan nínú wa ṣe ń wí? Ẹni tó ń kọ ìwé ìlò yìí jù kì í ṣe oníkóòdù o, tíṣà ni, orí fóònù ló ti ń ṣe gbogbo ẹ̀, GitHub ò sì wù ú rárá. Bẹ́ẹ̀ kòkó ti ń bọ̀, tó bá fi máa di oṣù kẹwàá àwọn ibi tuntun máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, mi ò fẹ́ kí wọ́n wá bá irọ́ nínú ìwé wa. Ẹ gbà mí o.

baba_terminal

Àbúrò, kú iṣẹ́. Ojú kan náà ni kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ sí, nídìí issue tẹ́ ẹ ti ń lò fún kóòdù, kẹ́ ẹ kàn fún un ní label, ìyẹn àmì, tiẹ̀. GitHub tiẹ̀ ti bá yín ṣe é sílẹ̀, label tó ń jẹ́ documentation wà lára àwọn tó máa ń bá repo tuntun wá. Sheets yẹn, ẹ jẹ́ kó máa lọ, màá sọ ìdí ẹ̀.

Iṣẹ́ docs, ọjọ́ tí kóòdù yí padà lọjọ́ ìbí ẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kó ti ní nọ́ńbà, torí ẹni tó yí bọ́tìnnì padà mọ ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà àti ohun tó fà á, tó bá fi máa pé oṣù kan òun fúnra ẹ̀ ti gbàgbé. Àwọn tó jù wá lọ ti rí èyí tipẹ́. Mozilla tó ń ṣe bráúsà Firefox, nínú Bugzilla tí wọ́n ń kọ bug (àṣìṣe inú sọ́fítíwíà) sí, tẹ́nì kan bá tún bug kan ṣe tó mọ̀ pé ó máa kan àwọn tó ń kọ wẹ́ẹ̀bù, kíwọ́ọ̀dù dev-doc-needed ni wọ́n máa ń fi sára bug yẹn gan-an, wọn ò ní lọ ṣí òmíì níbòmíì. Àwọn tó ń kọ MDN, ìwé ìlò wọn fún àwọn tó ń kọ wẹ́ẹ̀bù, á wá fi kíwọ́ọ̀dù yẹn wá gbogbo èyí tó jẹ wọ́n ní gbèsè, tí wọ́n bá kọ ọ́ tán wọ́n á yí i sí dev-doc-complete. Lójú oníkóòdù bug náà ti parí, àmọ́ gbèsè docs ẹ̀ ṣì ń hàn sójú táyé. Sheets ò lè ṣe ìyẹn láéláé. Sheets ò mọ̀ pé kóòdù yí padà, èèyàn ló gbọ́dọ̀ rántí lọ sọ fún un, ìrántí yẹn gan-an sì lohun tí ò sí.

OpenStack, sọ́fítíwíà cloud ńlá kan, náà ṣe tiwọn. Ẹni tó ń kọ kóòdù á kàn fi ọ̀rọ̀ kan, DocImpact, sínú commit message, àlàyé kékeré tó ń bá ìyípadà kóòdù wọlé, tí kóòdù bá ti wọlé ẹ̀rọ á fúnra ẹ̀ ṣí bug docs. Ó dáa àbí? Ẹ gbọ́ ìyókù. Ojú kan ni wọ́n kó ìwé wọn sí nígbà yẹn, ẹgbẹ́ kan ló ń tọ́jú ẹ̀, àwọn tó ń kọ docs ò tó nǹkan, àwọn tó ń kọ kóòdù pọ̀ lọ súà, iṣẹ́ wá ń gorí iṣẹ́. Ní 2017 wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú ìwé yẹn kúrò níbẹ̀, wọ́n dá a padà sínú repo iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó kọ kóòdù máa tọ́jú ìwé ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ ya repo docs sọ́tọ̀ nìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ò pọ̀ rárá.

Tó bá jẹ́ tèmi ni, ìbéèrè kan ṣoṣo ni màá fi sínú template (fọ́ọ̀mù) pull request, èyí tẹ́nì kan fi ń ní kẹ́ ẹ gba ìyípadà òun wọlé: "Ṣé akọ̀wé ìdí òṣùwọ̀n máa rí ìyàtọ̀?" Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí docs ẹ̀ wà nínú pull request yẹn, tí kò bá lè wà níbẹ̀ kí nọ́ńbà issue docs wà níbẹ̀, tí méjèèjì ò bá sí, ẹ má merge, ẹ má gbà á wọlé. Ọ̀rọ̀ Ṣírò tó o sọ yẹn, kò tiẹ̀ yẹ kó di issue rárá. Tí docs bá wà nínú repo kan náà, àṣẹ ìwákiri git grep ẹyọ kan máa kó gbogbo ibi tí Ṣírò wà jáde, ẹni tó yí bọ́tìnnì á yí wọn lẹ́sẹ̀ kan náà. Django, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ wẹ́ẹ̀bù, ò ní gba feature tuntun (ohun tuntun tí sọ́fítíwíà lè ṣe) wọlé tí docs ẹ̀ ò bá bá a wá. Èyí tó gùn, tó gba kéèyàn jókòó kọ àlàyé, òun ni kẹ́ ẹ ṣí issue fún.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan o: tẹ́ ẹ bá kọ "Fixes #41" sínú pull request kóòdù, bó bá ṣe ń wọ main, ojúlówó kóòdù yín, báyìí ni GitHub á ti issue 41 pa, tí iṣẹ́ docs bá wà lára issue yẹn ó ti bá a lọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní rí i mọ́. Ẹ máa kọ "Refs #41" sí ti kóòdù, kẹ́ ẹ fi "Fixes" sílẹ̀ fún ẹni tó máa kọ docs kẹ́yìn.

tisha_ekimogun

Ẹ̀yin oníkóòdù, ẹ rọra o. Mo gbà pé ojú kan náà ló dáa, mi ò bá bàbá jiyàn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí àwa tá à ń kọ docs ọ̀hún sọ tẹnu wa. Oǹdó ni mo wà, tíṣà lèmi náà, mo ti bá àwọn kan kọ ìwé ìlò sọ́fítíwíà wọn rí, fóònù ni mo fi kọ gbogbo ẹ̀.

Ohun tó ń lé irú wa sá ni irú issue tí wọ́n ń ṣí síbẹ̀. Wàá dé ibẹ̀, wàá rí "Update docs". Ó tán. Ojú ewé wo? Kí ló yí padà? Ta ló máa kà á? Tó o bá béèrè wọ́n á ní "ẹ wo commit yẹn ma". Commit wo? Ṣé kí n lọ kọ́ Python ná torí ìlà méjì? Ni mo bá ń wò wọ́n níran, issue náà wà níbẹ̀ títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Irú èyí tí mo lè gbà ṣe lálẹ́ kan lẹ́yìn tí mo bá máàkì ìwé àwọn ọmọ tán rèé, mo fi ti bọ́tìnnì yín ṣe é:

"Ojú ewé: Wíwọn kòkó, ìpele kẹrin. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí: Kọ ìwọ̀n sílẹ̀, kó o tẹ Ṣírò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an: bọ́tìnnì yẹn ti di Parí Ìwọ̀n, kì í sì í ṣeé tẹ̀ àyàfi tí àyè omi bá ti ní nọ́ńbà nínú. Fọ́tò: ẹ ya tuntun. Ẹni tí mo lè bi léèrè: ẹni tó yí i padà. Ó parí nígbà tí akọ̀wé tí kò lò ó rí bá kà á, tó wọn àpò kan, tí kò sì pe ẹnikẹ́ni."

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Issue tó bá ní "kí docs dáa sí i" máa wà níbẹ̀ títí Jésù á fi dé, torí ta ló mọ ìgbà tó dáa tó? Wọ́n ní GitHub ní form téèyàn lè ṣe sílẹ̀, tí àyè kọ̀ọ̀kan á dá wà, tẹ́ni tó ń ṣí issue ò ní lè fò ó. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ìbéèrè ibẹ̀ ní Yorùbá, àwọn akọ̀wé gan-an lè máa fi í ránṣẹ́ sí yín.

Fún tíṣà yín, ẹ má fipá mú un wọ GitHub lójoojúmọ́. Tí orúkọ ẹ̀ bá ti wà lórí issue, ímeèlì á máa wá bá a, tó bá fèsì ímeèlì yẹn èsì ẹ̀ á bọ́ sínú issue bíi pé ibẹ̀ ló ti kọ ọ́. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyẹn. Ímeèlì ò jẹ dátà, tí nẹ́tíwọọ̀kì bá ń ṣe ségesège ó máa dúró, tó bá padà dé á lọ. Debian, irú Linux ọ̀fẹ́ kan, tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ímeèlì ni wọ́n fi ń ṣí bug, òun náà ni wọ́n fi ń tì í pa, kò sì pa wọ́n lára.

Àmọ́ ẹ má bú Sheets jù ṣá. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé mo lè wo gbogbo iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà kí n mọ èyí tó kàn mí. Issue tó tò gbọọrọ, tí ti kóòdù àti ti docs dàpọ̀ mọ́ra wọn, orí á fọ́ èèyàn.

ojulowo_ijapo

Gbogbo àlàyé yìí torí docs? Ẹ pin message yẹn sókè group, ẹ dárúkọ ẹni tó máa ṣe é, kẹ́ ẹ máa pè é láràárọ̀. Ojú á tì í, á kọ ọ́. Kí ni GitHub ń wá níbẹ̀? 😂

baba_terminal

@ojulowo_ijapo mẹ́ta péré ni WhatsApp máa jẹ́ kẹ́ ẹ pin lẹ́ẹ̀kan, èyí tó pẹ́ jù nínú ẹ̀ ò sì ju ọjọ́ 30 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, tẹ́ ẹ bá pè é láràárọ̀, á kúrò nínú group yín ni, kò ní sọ fún yín pé òun ń lọ.

@tisha_ekimogun ẹ ṣeun ma, òótọ́ lẹ sọ, pàápàá lórí ìgbà tó parí yẹn. Ti Sheets, ẹ wo Projects lórí GitHub náà, ó ní bí wọ́n ṣe ń wò ó bíi táàbù, ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ẹ lè ní kó fi èyí tó ní label docs nìkan hàn, kó fi ẹni tó gbà á àti ibi tó dé hàn. Issue náà ṣì ni lábẹ́, ẹ ò kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi líǹkì ẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí tíṣà, kó má rí ìyókù.

futa_commit

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. FUTA ni mo wà, docs ni mo gbà wọ open source, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí label kan tẹ́nikẹ́ni ò tíì dárúkọ: good first issue, ìyẹn iṣẹ́ tó yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó máa ń wu àwọn maintainer, àwọn tó ń bójú tó repo, láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo iṣẹ́ docs pátá bíi pé iṣẹ́ ọmọdé ni docs. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè tún sípẹ́lì ṣe, ó lè tún líǹkì tó ti kú ṣe, kò burú. Àmọ́ kó wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yọ omi kúrò nínú ìwọ̀n kòkó tí kò gbẹ dáadáa? Ẹni tí kò rí òṣùwọ̀n kòkó sójú rí? Nǹkan tó jọ òótọ́ ló máa kọ, ìyẹn sì burú ju kí ojú ewé náà ṣófo lọ, torí owó àgbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ lẹ label yẹn mọ́ èyí tí àlàyé ẹ̀ ti pé nínú issue fúnra ẹ̀, bí àpẹẹrẹ tí Àǹtí Tíṣà kọ sókè yẹn, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ sì rántí pé oṣù kẹwàá tí kòkó ń bọ̀ yìí náà ni Hacktoberfest, ètò tó ń rọ àwọn èèyàn láti dá sí open source. Lọ́dún 2020, torí T-shirt ọ̀fẹ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í da pull request yẹpẹrẹ bo repo olórepo, ẹlòmíì á kàn fi ọ̀rọ̀ ìyìn kan kún README, ìwé àkọ́kọ́ téèyàn ń rí nínú repo, ó lóun ti ṣiṣẹ́. Ó le débi pé inú oṣù yẹn náà ni wọ́n ti yí òfin padà, pé repo tó bá fẹ́ kópa ló máa fi topic hacktoberfest sára ẹ̀. Docs ni wọ́n máa ń dojú kọ torí òun ló rọrùn lójú wọn. Tẹ́ ò bá ní ẹni tó máa jókòó yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù yẹn, ẹ má fi topic yẹn sí i.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ibì kan wà tí mi ò bá yín dé. Kubernetes, sọ́fítíwíà ńlá kan tí wọ́n fi ń darí àwọn áàpù lórí sáfà, ò fi docs sínú repo kan náà pẹ̀lú kóòdù, website ní repo tiẹ̀, ó sì ń lọ. Tí release, ìyẹn ẹ̀dà tuntun, bá ń bọ̀, ẹni tó ni feature gbọ́dọ̀ ti ṣí pull request docs kí gbèdéke kan tó kọjá, kó tiẹ̀ ṣófo, placeholder ni wọ́n ń pè é, kí àwọn tó ń bójú tó docs nínú release lè mọ ẹni tí wọ́n máa dì mú. Lójú tèmi gbèdéke yẹn ló ń ṣiṣẹ́, repo ọ̀kan tàbí méjì ò fi bẹ́ẹ̀ jà.

Ohun tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ lára wọn ni bot wọn, ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ fún wọn. Issue tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn fún ọjọ́ 90 á gba lifecycle/stale, ọjọ́ 30 sí i á di lifecycle/rotten, ọjọ́ 30 míì bot á tì í pa. Níbi tí issue ti ń ya wọlé bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ó yé mi. Tiyín ńkọ́? Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ omi lè má ráyè títí kòkó ọdún yìí á fi tán, bot á ti sin iṣẹ́ ẹ̀ kó tó kú.

baba_terminal

Ọmọ FUTA, o sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ ńlá ló ń ti gbèdéke yẹn lẹ́yìn lọ́dọ̀ Kubernetes, wọ́n yan èèyàn sí i fún release kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ẹni yẹn ni pé kó máa lépa àwọn tó ni feature. Níbi táwọn kokodev wà, ta ló fẹ́ lépa ta? Ẹ fi repo ṣe ọ̀kan, kẹ́ ẹ tún ní gbèdéke. Ní ti bot, ọwọ́ mi náà nìyẹn, mi ò fẹ́ ẹ rí.

kokodev_akure

Ẹ ṣeun gan-an ni, mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. A ti fi ìbéèrè akọ̀wé yẹn sínú template, alábàáṣiṣẹ́ wa oníSheets sì ti gbà tipátipá lẹ́yìn tó rí Projects.

Nǹkan méjì ló kù. Ẹ̀dà méjì ni ìwé ìlò wa, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, ti Yorùbá sì làwọn akọ̀wé ń kà jù. Ṣé gbogbo ìgbà tí ti Gẹ̀ẹ́sì bá yí padà ni ká tún máa ṣí issue míì fún ti Yorùbá? Issue á di méjìméjì nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan náà ló ń kọ méjèèjì. Èkejì, mo fẹ́ fi issue kan sórúkọ tíṣà wa láàárọ̀ yìí, orúkọ ẹ̀ ò jáde nínú assignees, àyè tí wọ́n ń kọ ẹni tó gba iṣẹ́ sí, mo tẹ̀ ẹ́ títí.

alagbaka_po

Ti ìtúmọ̀ yẹn, má ṣí issue fún ìlà kọ̀ọ̀kan o, ẹ̀rọ ló yẹ kó máa bá yín ṣọ́ ọ. Ẹ wo gettext, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú ìtúmọ̀. Nínú fáìlì .po, gbólóhùn orísun kọ̀ọ̀kan wà lórí, ìtúmọ̀ ẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀. Tẹ́nì kan bá yí gbólóhùn orísun padà, tẹ́ ẹ bá ti fi msgmerge pa á pọ̀, èyí tó bá jọ ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ á gba àmì fuzzy, pé kò dájú mọ́. Ìtúmọ̀ rẹ̀ ò parẹ́ o, àmọ́ msgfmt, tó ń sọ .po di èyí tí ẹ̀rọ ń kà, ò ní lò ó, ẹni tó ń kà á á rí gbólóhùn orísun tuntun dípò ìtúmọ̀ àtijọ́ tó ń purọ́. Akọ̀wé Ìdànrè á rí Gẹ̀ẹ́sì lórí ìlà kan, inú ẹ̀ lè má dùn, àmọ́ kò ní wá bọ́tìnnì tí kò sí mọ́. Gbogbo fuzzy tó wà nílẹ̀ ni lísìtì iṣẹ́ tíṣà yín, kò sẹ́ni tó máa jókòó kọ ọ́ jọ.

Tí docs yín bá jẹ́ Sphinx, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìwé ìlò, ó lè fa .pot jáde fúnra ẹ̀, ìyẹn àwòṣe tẹ́ ẹ máa fi ṣe .po. Tó bá jẹ́ Markdown, ìwé lásán tó ní àmì kékeré fún àkọlé, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ po4a máa ṣe é. Tẹ́ ẹ bá wá so ó mọ́ Weblate, ìkànnì ìtúmọ̀, tíṣà á máa túmọ̀ nínú bráúsà fóònù ẹ̀, kò ní fojú kan git, Weblate ló máa commit fún un.

Issue á wà fún ojú ewé tí kò tíì ní Yorùbá rárá, tàbí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ tún kọ látòkè délẹ̀. Mo sì ní ìbéèrè kan fún ìwọ náà: tó bá jẹ́ Yorùbá làwọn èèyàn ń kà jù, tíṣà sì ni ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ jù, kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ́ orísun? Kò sófin tó ní docs gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí i padà, kí wọ́n máa tún ti Yorùbá ṣe kíákíá, kí ti Gẹ̀ẹ́sì máa tẹ̀ lé e nígbà tó bá ráyè.

baba_terminal

Ti assignees: tẹ́nì kan ò bá ní àṣẹ láti kọ nǹkan sínú repo, tí kì í sì í ṣe ọmọ organization tó ni repo náà, GitHub ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fi issue sórúkọ ẹ̀, àyàfi tó bá ti sọ nǹkan kan nínú issue yẹn fúnra ẹ̀. Kó kàn wọlé, kó kọ "mo wà ńbẹ̀", orúkọ ẹ̀ á jáde.

Kẹ́ ẹ sì fi ẹnì kan ṣoṣo sí issue kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá fi mẹ́ta sí i kò sẹ́ni tó máa ṣe é. Tẹ́ni tó gbà á bá dákẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bi í léèrè tìfẹ́tìfẹ́ nínú issue yẹn, tí kò bá fèsì ẹ yọ orúkọ ẹ̀, ẹlòmíì á gbà á. Ẹ kọ òfin yìí sínú CONTRIBUTING, fáìlì ìlànà fún àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà dà bíi pé ẹnì kan lẹ dájú sọ. Gbèdéke tí ọmọ FUTA ń wí, ẹ fi milestone, àkójọ issue tẹ́ ẹ lè dá ọjọ́ fún, ṣe é, ẹ dá ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹ̀dà tó máa jáde kí kòkó tó dé, ẹ kó issue kóòdù àti ti docs sínú ẹ̀. Tó bá ku ẹyọ kan tí akọ̀wé máa rí, ẹ má gbé ẹ̀dà yẹn jáde.

futa_commit

😂 Sà, ẹ ti wá gbà pé gbèdéke ló ń ṣiṣẹ́.

baba_terminal

Mo gbà díẹ̀. Má jẹ́ kó gùn ọ́.

tisha_ekimogun

Fọ́tò ńkọ́? Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ lórí fọ́tò. Bọ́tìnnì kan tó yí padà lè ba gbogbo screenshot inú ìwé jẹ́, ó sì máa ń jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lẹ ti tún ṣe, fọ́tò ṣì ń sọ ti àná. Mo ní kí wọ́n máa gé e, kí fọ́tò máa fi ibi tó kàn nìkan hàn, bọ́tìnnì àti àyè tó wà lókè ẹ̀, dípò ojú fóònù látòkè délẹ̀ pẹ̀lú bátìrì 12 tó wà níbẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá lè yọ kúrò pátá, ẹ yọ ọ́. Kí orúkọ fáìlì sì jẹ́ orúkọ ojú ewé inú áàpù, wiwon-omi.png, kì í ṣe Screenshot_tó-ní-nọ́ńbà-gbọọrọ, torí tẹ́ ẹ bá yí ojú ewé yẹn padà, orúkọ ẹ̀ lẹ máa fi wá a.

kokodev_akure

Àǹtí Tíṣà, ẹ ṣeun ma. Àwọn fọ́tò wa ló ń jẹ́ Screenshot báyẹn gbogbo wọn, mo ti ṣí issue kan fún orúkọ wọn, mo lẹ good first issue mọ́ ọn torí àlàyé ẹ̀ pé nínú ẹ̀. Àwọn ojú ewé tí Ṣírò wà ti wọlé nínú pull request kan láàárọ̀ yìí. Tíṣà wa náà ti kọ "mo wà ńbẹ̀", orúkọ ẹ̀ sì jáde.

Ẹni tó bá ní Android kékeré, èyí tójú ẹ̀ ò fẹ̀ yẹn, tó lè bá wa ya ojú ewé yíyọ omi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ nǹkan nínú issue yẹn kí n lè fi í sórúkọ yín. Irú ẹ̀ làwọn akọ̀wé ń lò, fóònù tiwa tóbi jù, bọ́tìnnì ò bọ́ síbi tó ń bọ́ sí lójú tiwọn.